Kọ́kọ́rọ́ Kan, Àpótí Mẹ́fà

Mo rántí ìgbà tí mò ń gbé ní Ìkẹ̀rẹ́, nínú ilé alájà kan tó ní fúláàtì mẹ́fà, tí mo sì kórìíra ènìyàn kan tọkàntọkàn. Mo fẹ́ sọ ìyẹn ná, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìtàn ìdáríjì ni mo gbé wá. Nísàlẹ̀ ilé náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, àpótí irin mẹ́fà wà lára ògiri. Wọ́n kùn wọ́n ní pupa, wọ́n kọ nọ́ńbà fúláàtì kọ̀ọ̀kan sójú tirẹ̀, àgádágodo kékeré sì wà lẹ́nu ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bàbá onílé ló ní kí wẹ́dà ṣe wọ́n. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ni bàbá ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ náà kò sì tíì fẹ̀yìn tì nínú rẹ̀. Láràárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, á wọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó ti lọ̀ gbagidi, á lọ kó lẹ́tà gbogbo wa wá láti póòsìófíìsì, nítorí nọ́ńbà àpótí tirẹ̀ níbẹ̀ ni gbogbo ayálégbé ń lò. Á wá máa jù wọ́n sínú àpótí wa lọ́kọ̀ọ̀kan láti ojú ihò tó wà lókè. Kì í fi lẹ́tà léni lọ́wọ́. Mo pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà rí, mo rí orúkọ mi lára àpòòwé tó wà lókè, mo na ọwọ́. Bàbá fi lẹ́tà náà pamọ́ sẹ́yìn. “Ùwé ní ulé tirẹ̀, ọmọ mi,” ló wí. “Lọ bá a nílé.”

À ń fi bàbá ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà. Ta ló tún ń kọ lẹ́tà láyé fóònù? Ṣùgbọ́n ó ku ẹnì kan ní gbogbo agbègbè wa tó gbà pẹ̀lú bàbá, obìnrin àgbà kan tó ni ilé ìwé ní Emùré. Ìyáàfin yìí kì í fi fóònù gba tíṣà síṣẹ́. Ó ní ẹni tí kò bá lè dáhùn lẹ́tà kò lè kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí a ṣe ń kọ ọ́. Bó bá gbà ọ́, á fi lẹ́tà ránṣẹ́, ọ̀sẹ̀ méjì ni ìwọ náà sì ní láti fi lẹ́tà dá a lóhùn.

Mo fẹ́ iṣẹ́ yẹn ju bí ebi ṣe ń fẹ́ oúnjẹ lọ. Ìṣẹ̀ ni ìyá mi wà, òun nìkan, orúnkún ti ń dà á láàmú, oko kòkó ti ń di ohun tó ń fi ojú wò láti ẹnu ọ̀nà. Emùré sí Ìṣẹ̀ kò jìnnà rárá. Nígbà tí mo sọ fún un pé mo lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún yàrá mi ṣe. “Ọjọ́ ọ bá ti bẹ̀rẹ̀ uṣẹ́ náà,” ló wí, “ulé ni wa ti máa jẹun alẹ́.” Mo rẹ́rìn-ín sí i lórí fóònù.

Èmi nìkan kọ́ ni mo lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà. Àǹtí kan ń gbé fúláàtì tó kọjú sí tèmi, òun ni olórí akọrin ní ìjọ kan nítòsí. Ó fi ọdún bíi mélòó kan jù mí lọ, ó gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó mọ gèlè í wé. A jọ wọ ọkọ̀ kan náà lọ sí Emùré, a sì jọ bọ̀. Ní àbọ̀, èmi tí mo gbọ́n jù láyé bẹ̀rẹ̀ sí í rò fún un bí ìyáàfin ṣe rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, bó ṣe ní ohùn mi yóò dára nínú kíláàsì, bó ṣe bi mí ní ìgbà tí mo lè bẹ̀rẹ̀. Olórí akọrin ń gé bọ̀ọ̀lì jẹ, ó ń mi orí. Ó ní, “Ọlọ́run á ṣe é fún ọ, àbúrò.” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tiẹ̀ fún un ní ẹ̀pà mi tó kù.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ìkejì kọjá, àpótí mi ṣófo. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin mo kan ilẹ̀kùn bàbá onílé, mo bi í léèrè bóyá lẹ́tà kankan ti ibì kankan wá. Ó wò mí tìyanutìyanu. Ó ní òun ti fi lẹ́tà kan sínú àpótí mi láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun mẹ́ta sẹ́yìn, àpòòwé funfun, òǹtẹ̀ ilé ìwé ní igun òsì, sítáàǹbù rẹ̀ wọ́ díẹ̀. Mo ní kò síbẹ̀. Ó ní òun fi síbẹ̀. Mo tún sọ pé kò síbẹ̀, ohùn mi sì le ju bó ṣe yẹ kí ohùn ọmọdé le sí àgbàlagbà. A jọ lọ wo àpótí náà. Àgádágodo rẹ̀ wà bó ṣe wà, kò sí ibi tí wọ́n ti fi irin tẹ̀ ẹ́. Bàbá ń fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀.

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Emùré lọ́jọ́ kejì. Ìyáàfin kò bínú, ó kàn dà bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà sú. Ó ní, “Ṣebí ìwọ lo kọ̀wé pé o kò fẹ́ iṣẹ́ náà mọ́?” Ó ṣí fáìlì, ó fi lẹ́tà kan hàn mí. Orúkọ mi wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyáàfin púpọ̀, ó ní òun ti rí iṣẹ́ mìíràn, ó sì tọrọ gáfárà. Mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé yẹn. Lójoojúmọ́ ni mò ń rí i lára ìwé tí olórí akọrin ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ láti fi kéde ọjọ́ ìdánrawò orin. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, èmi kọ́ ni mo kọ ọ́.” Ìyáàfin pa fáìlì dé. Ó ní ẹni tó tẹ̀lé mi lórí ìwé ti gba iṣẹ́ náà, ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ, òun kò sì ní lé tíṣà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ẹjọ́ tí òun kò mọ ìdí rẹ̀. Bí mo ṣe jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo gbọ́ ohùn olórí akọrin láti kíláàsì kẹta. Ó ń dá orin fún àwọn ọmọ, wọ́n ń gbè é. Ohùn náà dùn. Mo dúró sí ẹ̀yìn fèrèsé, mo tẹ́tí sí i títí orin fi parí, lẹ́yìn náà mo lọ wọkọ̀. Àwọn àgbà ní bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Láti Emùré dé Ìkẹ̀rẹ́, ohun kan ṣoṣo ni mò ń rò: kí ó dùn ún bó ṣe dùn mí, níbi kan náà.

Mi ò bá a jà. Bí mo bá bá a jà, á sunkún, ìjọ rẹ̀ á bá a sunkún, èmi ni wọn ó sì ní mò ń jowú. Mo kọ́kọ́ lọ bá ọkùnrin tó ń ta àgádágodo lọ́jà, mo ní kó bá mi wá èyí tó lágbára, mo sì fi kọ́kọ́rọ́ ti tẹ́lẹ̀ hàn án kó lè mọ ìwọ̀n rẹ̀. Ó gbà á, ó wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Èyí tí bàbá onílé yín rà lọ́wọ́ mi rè é. Páálí kan ni mo kó gbogbo rẹ̀ wá. Wo nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ kan ló ń ṣí gbogbo wọn.” Mo bi í bóyá bàbá mọ̀. Ó ní, “Wọn éè bi mí,” bàbá kò béèrè lọ́wọ́ òun. Ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò bó ṣe ń sọ ọ́.

Ìgbà yẹn ni gbogbo rẹ̀ yé mi. Ó ní láti jẹ́ pé lọ́jọ́ kan, olórí akọrin ṣèèṣì ki kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ bọ àpótí tèmi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, ó sì ṣí. Ó pa á mọ́ sínú. Ọmọlúàbí ì bá sáré lọ sọ fún bàbá. Èmi náà ì bá sáré lọ sọ fún bàbá lọ́jọ́ tí mo mọ̀ ọ́n. Dípò bẹ́ẹ̀, mo ra àgádágodo tuntun, mo fi sí ẹnu àpótí mi, mo sọ fún bàbá pé ti tẹ́lẹ̀ ti dípẹtà. Mo tọ́jú kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ náà sínú pọ́ọ̀sì mi.

Kò pẹ́ tí mo fi mọ ohun tí mò ń dúró dè. Olórí akọrin ń retí ìwé láti òkè òkun, ìjọ kan níbẹ̀ fẹ́ rán an lọ sí yunifásítì láti kọ́ orin. Ó ti bẹ gbogbo ìjọ pé kí wọ́n máa bá òun gbàdúrà sí i. Èmi náà gbàdúrà, pé kí ìwé náà dé. Ó dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan. Láti ojú fèrèsé mi ni mo ti rí bàbá tó gbé e sókè, tó ń wo sítáàǹbù ẹyẹ tó wà lára rẹ̀ pẹ̀lú ìdùnnú bí ọmọ kékeré, kó tó jù ú sínú àpótí rẹ̀. Ọ̀sán gangan ni. Olórí akọrin wà ní Emùré, lẹ́nu iṣẹ́ mi, níwájú pátákó ìkọ̀wé mi. Mo sọ̀kalẹ̀, mo ṣí i, mo mú un.

Wọ́n gbà á. Wọ́n ní kó dáhùn kí oṣù náà tó parí. Mo tọ́jú ìwé náà sábẹ́ ìrọ̀rí mi títí oṣù fi parí, mo sì fi iná èédú sun ún nígbà tí mò ń se ẹ̀wà. Kàkà kí eku má jẹ sèsé, á fi ṣe àwàdànù. N kò ní purọ́ fún ẹnikẹ́ni: ó dùn mọ́ mi. Gbogbo ọjọ́ tó ń sọ̀kalẹ̀ wá wo àpótí tó ṣófo, èmi náà á wá ìdí kan láti kọjá, kí n lè rí ojú rẹ̀.

Ó pẹ́ kó tó béèrè lọ́wọ́ bàbá. Bàbá ní òun ti fi sínú àpótí rẹ̀. Ó ní kò síbẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà bàbá pe àwa méjèèjì sí ìdí àtẹ̀gùn. Ó gbé ìjókòó kékeré kan síwájú àwọn àpótí, ó fi gíláàsì sójú, ó yẹ gbogbo àgádágodo wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fà wọ́n, wọ́n dúró gbọin. Kò ki kọ́kọ́rọ́ bọ ìkankan. Kò tiẹ̀ wá sí i lọ́kàn pé ènìyàn lè ki kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bọ àpótí tí kì í ṣe tirẹ̀. Olórí akọrin gbójú sókè, ó wò mí. Mo wò ó. Mo rí i kedere pé ó mọ̀, ó sì rí i pé mo mọ̀ pé ó mọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù kí ọ̀kan nínú wa sọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ ọ́ ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Inú mi ń dùn. Mo ń sọ nínú mi pé: sọ̀rọ̀ o, olórin.

Bàbá ló sọ̀rọ̀. “Àgádágodo éè bàjẹ́,” ló wí. “Ọmọ dáadáa ni ẹ̀yin méjèèjì, ẹ éè ní purọ́ mọ́ mi. Orí mi ló kù. Mo rí ùwé méjèèjì yìí lójú mi bí mo ṣe ń rí yín yìí, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí mo gbé wọn lọ.” Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀. “Mi è mọ̀ pé ó ti dà bẹ́ẹ̀.” Olórí akọrin ní, “Kò burú, bàbá.” Èmi náà ní, “Kò burú, bàbá.” Ohùn wa ṣe déédéé bí ìgbà tí a ti dánra wò.

Olórí akọrin kó lọ lóṣù kejì. Bàbá yọ gbogbo àpótí náà kúrò lára ògiri, ó dá kọ́kọ́rọ́ àpótí tirẹ̀ ní póòsìófíìsì padà fún wọn. Láti ìgbà náà ni kò ti fọkàn tán ara rẹ̀ mọ́. Á máa bi mí bóyá òun ti jẹun. Á jáde, á dé ẹnu géètì, á padà wá yẹ ilẹ̀kùn tó ti tì wò, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó ṣe, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá mú un lọ sí Àkúrẹ́. Èmi rí iṣẹ́ tíṣà sí Ògòtún, ibi tó jìnnà jù sí ìyá mi, mo sì kó kúrò nílé náà.

Mo lọ kí bàbá ní Àkúrẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ní gbogbo ọ̀nà ni mò ń to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu: ẹ kò gbàgbé nǹkan kan, bàbá, orí yín pé. Mo bá a lórí àga, wọ́n fi aṣọ bò ó lẹ́sẹ̀. Ó dá mi mọ̀ kíá, ó pè mí ní orúkọ, ó pe nọ́ńbà fúláàtì mi. Lẹ́yìn náà ló di ọwọ́ mi mú, omi lé ròrò sí i lójú. Ó ní ohun kan wà tó ń dun òun láti ìgbà yẹn. Ó ní òun mọ̀ pé òun ló ba iṣẹ́ Emùré jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, kí n jọ̀ọ́ kí n dárí ji òun.

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Mi ò gbàgbé olórí akọrin, mi ò sì tíì dárí jì í títí di òní. Bí mo bá gbọ́ pé ohun búburú kan ṣẹlẹ̀ sí i lọ́la, mi ò ní sọ pé pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ni mo máa ń rí bí mo bá dá jókòó. Bàbá ni mo máa ń rí, tó di ọwọ́ mi mú, tó ń dúró de èsì mi. Ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́yìn wa, ó ń gbọ́. Mo la ẹnu. Mo ní, “Ó ti tán, bàbá. Mo ti dárí jì yín.”