Àwọn Ìbátan Igi Píà

Òórùn ewé kínámónì ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí tí mo bá ronú kan ilé ẹ̀kọ́ wa ní Adó-Èkìtì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìrì ṣì wà lórí koríko, tíṣà wa mú ewé kan jáde tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní ọgbà ìjọba fi ránṣẹ́ sí i, ó ní ká gbóòórùn rẹ̀, ká fi fún ẹnì kejì. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà mọ̀ pé ṣọ́ọ̀ṣì nìkan la ti ń gbọ́ orúkọ kínámónì nígbà náà. Kí ewé ọ̀hún tó dé ìlà ẹ̀yìn, a ti rún un wómúwómú.

Tíṣà ní igi ní ìdílé bí èèyàn. Ó ní ká já ewé àti òdòdó wá láti ilé, ká wá tò wọ́n ní ẹbí-ẹbí.

Ìlú Ìyìn ni wọ́n bí mi sí. Nígbà tí bàbá mi kú, ìyá mi fẹ́ ọkùnrin mìíràn ní Adó, ó sì mú mi dání wá. Bàbá tuntun yìí kò fi nǹkan kan dù mí, ṣùgbọ́n bí ìjà bá ti dé láàárín àwa ọmọdé agboolé, ohun tí wọ́n máa sọ ni pé, "Ọmọ Ìyìn, ulé yín kọ́ lèyí!" Ó ń dùn mí ju ẹgba lọ. Gbogbo ohun tí mo ń fẹ́ láyé ni kí ẹnì kan sọ pé ibẹ̀ ni ilé mi.

Ìtàkùn kan wà lórí igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé wa. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, kò léwé, kò sì fi gbòǹgbò kanlẹ̀; ara ọsàn ló ti ń jẹ, tó ti ń mu. Mo já a tòdòdótòdòdó, mo sì tò ó ti ewé ọsàn. Lójú tèmi, àwọn tó ń jẹun nínú ìkòkò kan náà, ẹbí ni wọ́n.

Tíṣà mú un kúrò níbẹ̀. Ó gbé òdòdó rẹ̀ àti òdòdó píà tí ọmọ kan já wá sábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan di ńlá, ó ní kí n wò ó. Nínú méjèèjì, àpò tí lẹ́búlẹ́bú òdòdó wà nínú rẹ̀ ní ilẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí sókè. Àmì ìdílé wọn nìyẹn. Ó ní píà àti kínámónì sún mọ́ra bí ọmọ ìyá. Ìtàkùn yìí jìnnà díẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn lórí ibi tí wọ́n máa fi í sí, ṣùgbọ́n ẹbí wọn náà ni. "Kò bá ọsàn tan rárá," ó ní. "Ó kàn ń gbélé rẹ̀ ni."

Mo bú sẹ́kún. Tíṣà rò pé nítorí máàkì ni.

Nígbà tí mo délé, bàbá ń pọ́n àdá. Mo rò ó fún un látòkè délẹ̀. Ó kọ́kọ́ bi mí bóyá ìtàkùn yẹn ni kò jẹ́ kí ọsàn òun so dáadáa. Lẹ́yìn náà ló wò mí lójú, ó ní, "Ugi nìyẹn. Ọmọ ulé mi ni ùwọ." Ó sì padà sídìí àdá rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo jẹ iyán abọ́ méjì lálẹ́ ọjọ́ náà.

Èmi náà padà di tíṣà, mo sì kọ́ àwọn ọmọ ní ìdílé igi títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ọmọ tí mo jẹ́ lọ́jọ́ yẹn ń wá òdòdó tó máa jẹ́rìí sí òun. Èmi kò wá ẹ̀rí mọ́. Nígbà tí bàbá kú, gbogbo agboolé yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan létí sàréè kí n lè kọ́kọ́ bu erùpẹ̀ sí i, nítorí èmi ni àgbà nínú àwọn ọmọ rẹ̀.