Ìbéèrè Mẹ́rin Tí Mi Ò Bèèrè

Ohun mẹ́rin ni àǹtí mi ní kí n bá òun bèèrè lọ́wọ́ àwọn onílé-ẹ̀kọ́ yẹn, mi ò sì bèèrè ẹyọ kan. Nígbà tí mo padà dé, ó bi mí bóyá mo bèèrè, mo ní mo bèèrè. Ẹni tó bá fẹ́ dá mi lẹ́jọ́, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Púpọ̀ nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà kò sí ní ìkáwọ́ mi, ṣùgbọ́n èyí wà ní ìkáwọ́ mi.

Àbúrò ìyá mi ni àǹtí mi yìí. Ọmọ Ìlàjẹ ni àwọn méjèèjì, láti etí òkun Oǹdó, ṣùgbọ́n Bàrígà, ní Èkó, ni àǹtí mi ti ń yan ẹja kí n tó mọ̀ ọ́n rìn. Etí ọ̀sà ni ààrò rẹ̀ wà, lábẹ́ àtíbàbà páànù kan tí àwọn obìnrin bíi mẹ́wàá jọ ń lò. Àyè ibẹ̀ kò tó, àwọn tó ń retí pọ̀, nítorí náà wọ́n ní òfin kan: ààrò tí kò bá rí iná fún oṣù mẹ́ta, ó di ti ẹni tó kàn. Àìsàn ni, òkú ni, ìrìn-àjò ni, òfin náà kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Èmi ní tèmi, ilé ìtẹ̀wé ni mo wà, ní Bajulaiye, ní Ṣómólú. Mi ò ka ìwé jìnnà. Iṣẹ́ mi ni kí n gé pépà, kí n ká a, kí n di í. Mo mọ pépà ju bí mo ṣe mọ ohun tí wọ́n kọ sí i lára lọ.

Ọdún tí ọkọ àǹtí mi kú ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Kò sunkún jù, ṣùgbọ́n kò rí oorun sùn dáadáa mọ́, ó sì ń bèèrè ibi tí òkú ń lọ lọ́wọ́ ẹni gbogbo. Ó bi pásítọ̀ wọn. Pásítọ̀ ní ọwọ́ Olúwa ni ọkọ rẹ̀ wà.

Àǹtí mi ní, “Mo gbà, sà. Apá ibo ní ọwọ́ náà?”

Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.

Oníbàárà rẹ̀ kan, obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù ní Ìgbóbì, ló wá sọ fún un nípa ilé-ẹ̀kọ́ kan ní apá Ladi-Lak. Kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì, kì í ṣe mọ́ṣáláṣí. Ìpele méje ni ẹ̀kọ́ wọn, wọ́n ní àwọn ń kọ́ èèyàn ní ohun tí ẹ̀mí ń ṣe nígbà tí ara bá sùn, àti ibi tó ń lọ nígbà tí ara bá kú. Obìnrin náà fún un ní ìwé wọn. Àǹtí mi mú un wá bá mi, torí kò lè kà á.

Bí mo ṣe fọwọ́ kan ìwé náà, mo mọ̀ ọ́n. Mo ní, “Àwa la tẹ èyí. Èmi gan-an ni mo dì í.”

“Ṣé èèyàn gidi ni wọ́n?”

Mo ti ní ìdáhùn sílẹ̀ nínú mi. Láàárín àwa tó ń tẹ̀wé ní Ṣómólú, a gbà pé pépà ni a fi ń mọ oníbàárà. Ẹni tó bá fẹ́ lu jìbìtì, pépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló ń lò, ó ń kánjú, kì í sì í padà wá lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn wọ̀nyí, káàdì tó nípọn ni wọ́n ní ká fi ṣe èèpo ìwé wọn, àwọ̀ góòlù ni wọ́n fi tẹ àkọlé, wọ́n ní ká fi òwú rán ẹ̀yìn rẹ̀, ká má fi wáyà kàn án. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti padà wá. Mo sọ gbogbo èyí fún un.

Ó gbọ́ mi tán. Ó ní, “O ṣeun, Bàbá Oníwèé. Èmi náà ti rí ẹja tó ń dán lójú tí inú rẹ̀ ti rà. Bí mo bá fẹ́ ra ẹja, mo máa ń ṣí ibi tó fi ń mí, kí n wò ó bóyá ó ṣì pupa. Lọ síbẹ̀ fún mi, kí o bá mi ṣí i wò.”

Ó wá fi ìka ka ohun tó fẹ́ kí n bèèrè. Àkọ́kọ́, ta ló kọ́ olùkọ́ wọn, ṣé èèyàn lè rí ẹni náà? Ìkejì, ẹni tó bá wọlé tó wá fẹ́ jáde, báwo ló ṣe ń jáde? Ìkẹta, ṣé òun á ṣì máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì òun? Ìkẹrin, ṣé wọ́n ní èèwọ̀ kankan tó lè kan iṣẹ́ òun?

“Ìkẹrin yẹn, bi wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. O mọ òfin abẹ́ àtíbàbà wa.”

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ni mo lọ. Òkè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni. Kọ́tìnnì funfun, ẹní rèterète, gbogbo èèyàn bọ́ bàtà sílẹ̀. Wọ́n gbé ìwé-ẹ̀rí àwọn tó ti parí ìpele kọ́ sára ògiri, mo rí i pé ọwọ́ mi ló gé wọn. Inú mi dùn sí bí etí wọn ṣe gún régé.

Olùkọ́ náà máa tó ẹni ọgọ́ta ọdún. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ibi tí mo ti wá, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, kí wọ́n rí yín.” Mo dìde. Ó ní, “Ọwọ́ yìí ló di ìwé wa.” Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Mo fẹ́ kí ó yé ẹni tó ń kà á. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́, kò sí ẹni tó tó bàbá mi tó tíì pè mí ní “ẹ” rí. Níbi iṣẹ́, “ìwọ yìí” ni mí, “wá gbé e” ni mí. Ní ọjọ́ yẹn, wọ́n fi mí jókòó sí iwájú, wọ́n bu omi tútù fún mi. Nígbà tí ẹ̀kọ́ parí, bàbá náà yíjú sí mi, ó ní, “Ṣé ẹ ní ìbéèrè?”

Ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà ní ẹnu mi. Mo wá ń rò ó pé, ṣé ẹni tó bu ọlá fún mi báyìí ni mo fẹ́ máa bi bí ọlọ́pàá? Mo ní, “Rárá, sà.”

Mo lọ bá àǹtí mi nídìí ààrò. Èéfín bò ó, kò tiẹ̀ gbójú sókè.

“Ṣé o bi wọ́n?”

“Mo bi wọ́n, mà. Wọ́n dáa.”

“Ìkẹrin ńkọ́?”

“Wọn ò ní èèwọ̀.”

“O bi wọ́n lẹ́ẹ̀mejì?”

“Lẹ́ẹ̀mejì, mà.”

Ó ya ẹja gbígbóná fún mi nínú èyí tó ń yan. Mo jẹ ẹ́.

Ó forúkọ sílẹ̀. Kí n má purọ́ mọ́ wọn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ ṣe é lóore. Ó ń sùn. Wọ́n kọ́ ọ bí a ṣe ń jókòó jẹ́ẹ́ kí èèyàn máa ka èémí ara rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹrin ni wọ́n sọ fún un pé ẹni tó bá wà ní ìpele àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀, kò sì gbọdọ̀ jókòó ti iná, títí yóò fi yege. Ó ti búra fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kejì pé òun máa pa gbogbo òfin wọn mọ́.

Ó wá bá mi níbi iṣẹ́. “Ṣebí o ní wọn ò ní èèwọ̀?”

Mo ní, “Bóyá wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un wá ni, mà.” Irọ́ kejì nìyẹn.

Ó ní, “Mo ti fi ẹnu mi búra. Ìpele kan kò ní pẹ́.”

Ó bo ààrò rẹ̀, ó sì lọ ń jókòó lẹ́yìn àtíbàbà níbi tí èéfín kò ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. “Ìyá Onímọ̀, ṣé ibi tí ẹja ń lọ bó bá kú náà wà nínú ẹ̀kọ́ yín?” Òun náà á dá wọn lóhùn pé, “Ọbẹ̀ yín ló ń lọ.” Wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n oṣù kan pé, oṣù kejì pé, àwọn onílé-ẹ̀kọ́ ò sọ pé ó yege. Nígbà tí oṣù kẹta pé, olórí àwọn obìnrin abẹ́ àtíbàbà gbé ààrò náà fún obìnrin mìíràn. Kò sí ìjà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ bíi méjì lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ àwọn onílé-ẹ̀kọ́ tún dé. Ọ̀gá mi kì í fẹ́ ká ka iṣẹ́ oníbàárà. Ó ní bí lẹ́tà ṣe hàn lórí pépà ni ká wò, ká fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Mo ń ká pépà lọ ni mo rí “ọmọ Ìlàjẹ tó ń yan ẹja ní Bàrígà.” Mo dúró. Ẹ̀rí ni, irú èyí tí wọ́n ń jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní ìbàdí tó ti ń dun òun fún ọdún mẹ́wàá ti san, ó ní òun ti rí ọkọ òun nínú ìmọ́lẹ̀, wọ́n sì jọ sọ̀rọ̀. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, èmi ni mo bá a gbé garawa omi nílẹ̀, torí ìbàdí kò jẹ́ kó lè bẹ̀rẹ̀.

Mo mú ọ̀kan nínú àwọn pépà tí títẹ̀ wọn bàjẹ́, mo gbé e lọ fún un ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Mo kà á fún un.

Ó ní, “Tún un kà.” Mo tún un kà.

“Mo rí i? Kí ló wọ̀?”

“Wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀, mà.”

“Ó yẹ kí wọ́n kọ ọ́. Mo fẹ́ mọ̀.”

Lẹ́yìn náà ó wé gèlè rẹ̀, ó ní ká lọ.

Nígbà tí a dé ilé-ẹ̀kọ́ náà, níwájú mi ló ti bèèrè ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fúnra rẹ̀, láìgbé ohùn sókè. Olùkọ́ náà ní ẹni tó kọ́ òun kò sí nínú ara mọ́. Ó ní kò sẹ́ni tó ń jáde, àwọn mìíràn kàn ń padà sùn ni. Ti ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní ọ̀rọ̀ náà máa yé e tó bá yá. Ó wá kan ti èèwọ̀. Bàbá náà ní, “Láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti wà. Ẹni tó bá bèèrè, a máa ń sọ fún un.”

Àǹtí mi nawọ́ sí mi. “Ọmọ mi bèèrè.”

Bàbá náà wò mí. “Ṣé ẹ bèèrè?”

Mo wolẹ̀. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ ni, mi ò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́.

Àǹtí mi rò pé ojú àgbà ló ń tì mí. Ó dúró sí iwájú mi. “Ẹ má fojú dẹ́rù bà á, sà. Ẹ̀yin lẹ purọ́ fún un.” Ó dì mí lọ́wọ́ mú, a sọ̀kalẹ̀.

Ní báyìí, ó ń ra ẹja yíyan lọ́wọ́ àwọn tó ti jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ń tà á kiri. Ó ti tún fi orúkọ ara rẹ̀ sí ẹ̀yìn àwọn tó ń retí ààrò. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé kí ló dé tí kò wádìí kó tó wọlé, á ní, “Mo wádìí. Ọmọ mi ni mo rán, ó bèèrè dáadáa, àgbàlagbà ló purọ́ fún un.” Á tún yíjú sí mi, á ní kí n má jẹ́ kó dùn mí.

Ọkùnrin yẹn pa irọ́ tirẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ sórí pépà tó dára. Ṣùgbọ́n èyí tó gba ààrò lọ́wọ́ àǹtí mi, òun kọ́ ló pa á. Mo ti lọ sí ilé àǹtí mi lẹ́ẹ̀mẹta láti sọ òtítọ́ fún un. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó gbé oúnjẹ fún mi kí n tó la ẹnu, ó ń bèèrè bí iṣẹ́ ṣe rí, mo sì dáhùn èyí tó bèèrè. “Àǹtí, mi ò bi wọ́n.” Gbogbo gbèsè tí mo jẹ ẹ́ kò ju gbólóhùn yẹn lọ, mi ò sì tíì san án.