Òjò Tí A Fi Ń Gbálẹ̀

Nínú ilé tí a háyà ní Kaduna, ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn ogun abẹ́lé, òjò ni agbálẹ̀ wa. Bí ojú ọ̀run bá ti ṣú báyìí, gbogbo ayálégbé á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Eérú, pàǹtí ilé ìdáná, ìgbẹ́ ọmọdé, epo dúdú tí mẹkáníìkì tú lára mọ́tò, gọ́tà ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Òjò á gbé e, àgbàlá á mọ́, a ó sì máa yin ara wa pé a mọ́ tónítóní.

Èmi mọ ibi tí gọ́tà yẹn ń já sí. Létí odò ní Kabala Doki ni, níbi tí àbúrò mi obìnrin ń gbé. Ẹ̀rọ omi ti gbẹ níbẹ̀, inú kòtò tí wọ́n gbẹ́ sínú yanrìn etídò ni wọ́n ti ń pọnmi. Ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákòrò ni, ìgbẹ́ gbuuru sì ti jẹ ẹ́ ku egungun. Àbúrò mi ń se omi náà, àmọ́ òórùn epo mọ́tò kì í lọ. Nọ́ọ̀sì ní bí ọmọ náà bá tún mu omi burúkú, apá àwọn ò ní ká a mọ́.

Ni mo bá ń kanlẹ̀kùn kiri. Mo kúnlẹ̀ fún ìyá àgbà tó wà ní yàrá ìsàlẹ̀. Mo bẹ mẹkáníìkì, ọmọ ilẹ̀ wa ni o, pé, “Don Allah, nítorí Ọlọ́run, ẹ da epo yẹn sínú gálọ́ọ̀nù.”

“Haba, tísà!” Ó ń rẹ́rìn-ín. “Omi tó ń ṣàn kì í dọ̀tí. Ṣé ẹ fẹ́ kọ́ òjò níwà ni?”

Inú bí mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a létí. Èmi àti ọkọ mi so nẹ́ẹ̀tì onírin mọ́ ẹnu gọ́tà kí ó lè dá pàǹtí dúró. Òjò dé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Pàǹtí dí nẹ́ẹ̀tì pa, omi padà sẹ́yìn, ó wọ yàrá ìyá àgbà, ẹní rẹ̀ léfòó. Ó figbe ta. Àwọn ọkùnrin fi dígà fa nẹ́ẹ̀tì ya, gbogbo ẹ̀gbin náà sì ya lọ sódò lẹ́ẹ̀kan náà. Mo dúró sínú òjò, mò ń sunkún bí ọmọdé.

Ọmọ náà ò lo ọ̀sẹ̀ yẹn parí. Èmi ni wọ́n ní kí n wẹ̀ ẹ́, nítorí ìyá kì í wẹ òkú ọmọ rẹ̀. Mo béèrè omi. Àbúrò mi na garawa sí mi. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sídìí kòtò. Epo ń dán lójú omi. Mo fọwọ́ gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo pọn omi náà.