Àwọn Ọmọ Etí Tíṣà Àkàngbé

Gbogbo àdúgbò ní Sábó ló mọ ìtàn ọjọ́ tí olóògbé Tíṣà Àkàngbé ní kí àwọn ọmọ lẹ́sìnnì òun wo Nàfísátù dáadáa. Ọmọ náà dijú, ó forí ti ògiri. Tíṣà ní, "Ẹ wò ó, ojúlówó ọmọ etí nìyẹn! Ó pa ojú dé kí ọ̀rọ̀ tó gba etí wọlé má baà sá jáde." Ni Nàfísátù bá hanrun.

Tíṣà gbà pé ọ̀nà mẹ́ta péré ni ọmọ ń gbà mọ̀wé. Ọmọ ojú á máa wo àwòrán, ọmọ etí á máa gbọ́, ọmọ ẹsẹ̀ á máa rìn bó ṣe ń kàwé. Lọ́jọ́ kan, ó ní kí Abdulmuiz rìn síta, kó máa ka orúkọ àwọn ìpínlẹ̀ Nàìjíríà. Ojúẹlẹ́gba ni wọ́n ti rí i mú. Kò tíì dé Sókótó.

Ẹ̀bùn, tó kàwé olùkọ́ ní yunifásítì, tó sì ń gbé yàrá kejì nílé Tíṣà, kò gbà.

"Tíṣà, wọ́n ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò káàkiri. Kò sí ẹ̀rí pé ó ń mú ọmọ mọ̀wé sí i."

"Ta ló dán an wò?"

"Àwọn olùwádìí ni, sà."

"Ṣé ọmọ etí ni wọ́n ni, àbí ọmọ ojú?"

Ẹ̀bùn ló jàre. Torí pé ọmọ etí ni Nàfísátù, Tíṣà kì í jẹ́ kó mú bírò rárá. Nígbà tí ìdánwò àtiwọ girama dé, ọmọ náà fìdí rẹmi.

Àṣàkẹ́, ìyá rẹ̀, fi ariwo wọlé. "Ọmọ etí kọ́, Tíṣà! Oorun ni! Ìdájí ló ń jí lọ tò sídìí ẹ̀rọ omi kó tó lọ síléèwé!"



Nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́sìnnì, Tíṣà tẹ́ ẹní sí kọ̀rọ̀. Ẹni tó bá rẹ̀ á kọ́kọ́ sùn. Lẹ́yìn náà, gbogbo wọn á gbọ́, wọ́n á wò, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀bùn rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ ti wá gbà báyìí, sà?"

"Kí ni mo fẹ́ gbà? Oríṣi kẹrin ni mo rí: ọmọ oorun."

Nàfísátù tún ìdánwò náà ṣe. Kí èsì tó jáde, ẹ̀jẹ̀ ríru ti pa Tíṣà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀ ni Àṣàkẹ́ mú ọmọ rẹ̀ lọ bá Ọmọ́níkẹ́, opó Tíṣà. "Ó yege, mà," ló wí, ló bá bú sẹ́kún. Ọmọ́níkẹ́ náà ń sunkún. Ẹ̀bùn, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tún bẹ̀rẹ̀ iyàn bó ṣe máa ń ṣe:

"Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọ etí ló mú un yege o."

Gbogbo wọn yíjú wò ó. Ojú tì í.

Ọmọ́níkẹ́ nu omijé, ó fa àga sún mọ́ ọn. "Jókòó, Ẹ̀bùn. Máa bá Tíṣà jiyàn lọ. Ilé yìí ti dákẹ́ jù."