Ìkíni Orí Àtẹ̀gùn

Tí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó mọ ènìyàn kí jù ní ilé ìwòsàn ńlá yẹn, ẹ má wulẹ̀ wá a lọ sí ọ́fíìsì. Orí àtẹ̀gùn ni kí ẹ lọ. Ibẹ̀ lẹ máa bá Bàbá Ẹ-kú-iṣẹ́, tó fi ọwọ́ kan di irin àtẹ̀gùn mú, tó fi ọwọ́ kejì gbé páálí funfun, tó ń bi obìnrin tó ń nu ilẹ̀ bóyá ọkọ rẹ̀ jí dáadáa, bóyá àwọn ọmọ ti lọ sílé ìwé, bóyá èyí tó ń wúkọ́ lánàá ti gbádùn. Kò sí ibi tí àtẹ̀gùn ti yí tí kì í ti í dúró kí ẹnì kan. Bí kò bá sí ènìyàn níbẹ̀, á kí ẹni tó ń bọ̀ lókèèrè, á sì dúró dè é.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gbé nǹkan láti ibì kan sí ibòmíràn. Bí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ orúnkún tán ní àjà òkè pátápátá, wọ́n á fi ègé eegun rírọ̀ tí wọ́n gé kúrò sínú ike kékeré, wọ́n á gbé ike náà sínú páálí, Bàbá á sì gbé e sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá àyẹ̀wò nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti máa kì í bọ yìnyín. Ẹ̀rọ agbéniròkè wà o, àmọ́ àwọn aláìsàn ló wà fún, ó sì máa ń kún fọ́fọ́.

Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ àṣírí ìkíni yìí. Làkúrègbé ti mú orúnkún Bàbá méjèèjì. Bó bá sọ̀kalẹ̀ díẹ̀, ẹsẹ̀ á ní òun ò lọ mọ́, ẹnu á sì bá ẹsẹ̀ wá àwáwí.

"Sọ fún wọn," ni ìyàwó rẹ̀ máa ń wí. "Ilé tí wọ́n ti ń wo orúnkún lo ti ń ṣiṣẹ́, o wá ń fi tìrẹ pa mọ́! Ẹni tó ń gbé etí odò kì í fi itọ́ fọwọ́."

Etí ikún ni Bàbá kọ sí i. Ẹnì kan tí wọ́n jọ ń gbé páálí ló sọ lọ́jọ́ kan pé ìbàdí ń dun òun. Wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n kí i kú iṣẹ́, wọ́n ní kó lọ sinmi nílé. Ìsinmi yẹn ló ń ba Bàbá lẹ́rù. Kí ni òun fẹ́ máa ṣe nílé láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, yàtọ̀ sí kí òun àti ìyàwó máa wo ojú ara wọn?

Ní yàrá àyẹ̀wò, dókítà obìnrin kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Màmá Orúnkún ni ọ̀gá. Ohun tó ń fa làkúrègbé orúnkún ló ń wá. Ọmọbìnrin kan tí Bàbá sọ ní Ọmọ Kọ̀ǹpútà ló ń bá a ka èsì, òun náà ló sì là á yé Bàbá.

"Bàbá, àwọn jíìnì wà nínú ara wa, àwọn ló ń pàṣẹ fún un. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan ń pariwo, àwọn kan ń sùn. À ń wá àwọn tó ń pariwo nínú orúnkún tó ń dunni, tí wọ́n sì dákẹ́ nínú èyí tó dá ṣáṣá."

"Ìpàdé ẹbí náà nìyẹn," ni Bàbá dáhùn.

Nígbà tó yá, wọ́n rí àwọn aláriwo. Nínú èyí tó pọ̀ jù lára àwọn orúnkún tó ń dunni, jíìnì bíi mélòó kan ń ké tantan. Nínú àwọn orúnkún tó dá ṣáṣá, ti àwọn tó fara pa nínú ìjàǹbá, tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún nínú yàrá ìsàlẹ̀ tó kángun sí ibi àyẹ̀wò, kẹ́kẹ́ pa mọ́ wọn lẹ́nu. Màmá Orúnkún jó láàárín yàrá. Ó ní òun máa kéde rẹ̀ níwájú àwọn dókítà àgbáyé.

Ọmọ Kọ̀ǹpútà ò jó. Ó rí orúnkún bíi mélòó kan tí làkúrègbé ti bà jẹ́ gan-an, síbẹ̀ tí àwọn aláriwo yẹn ò sọ nǹkan kan. Ó wádìí, ó rí i pé ìgbà tí Bàbá gba ìsinmi ọdún ni wọ́n gbé wọn wá, tí obìnrin kan láti ibi ìfọṣọ bá a di iṣẹ́ náà mú. Eré ni obìnrin yẹn máa ń sá sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Kì í ṣe làkúrègbé ló ń pariwo. Eegun rírọ̀ tí wọ́n gé, tó pẹ́ lórí àtẹ̀gùn kó tó dé inú yìnyín, ló ń fi ẹjọ́ sùn.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Bàbá. Bó ṣe rí ojú Màmá Orúnkún, ó mọ̀ pé nǹkan ti ṣe.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló máa ń dá yín dúró lórí àtẹ̀gùn?"

"Mo máa ń kí ènìyàn ni, Dókítà. Ilé ọmọlúàbí ni wọ́n ti tọ́ mi."

"Ìkíni yín ló fẹ́ dójú tì mí lójú gbogbo ayé yìí?"

Ọ̀rọ̀ wá di ẹtì fún Bàbá. Tó bá ní ìkíni ni, aláròyé tó ba iṣẹ́ jẹ́ ni. Tó bá ní orúnkún ni, aláìsàn tó yẹ kó lọ sílé ni. Ibi tó ti ń rò ó, ó fẹ̀yìn ti tábìlì kí ẹsẹ̀ lè sinmi.

Ọmọ Kọ̀ǹpútà rí i. Ó rọra sún mọ́ ọn. "Bàbá, ṣé orúnkún ń dùn yín ni?"

Bàbá la ẹnu láti sọ pé rárá o, ara òun le koko. Ohun tó jáde yàtọ̀. "Ó ń dùn mí, ọmọ mi. Ó ń dùn mí gan-an." Omi bọ́ lójú rẹ̀, ojú sì tì í. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n lọ sílé."

Ìkéde Màmá Orúnkún ti wọmi, ó sì dùn ún wọra. Lẹ́yìn náà ló mí kanlẹ̀.

"Ta ló fẹ́ lé yín? A máa gbé yìnyín lọ bá eegun lókè. Tó bá ti wà nínú yìnyín, ẹ máa sọ̀kalẹ̀ bó bá ṣe wù yín." Ó fa àpótí ìjókòó kan fún un, òun fúnra rẹ̀ sì lóṣòó síwájú rẹ̀. "Ẹ ká ṣòkòtò yín sókè."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo orúnkún náà. Ó ti tó ọdún mélòó kan tó ti fọwọ́ kan orúnkún tó ṣì wà lára ẹni tó ni ín kẹ́yìn. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì wú ju bó ṣe rò lọ.

"Èwo ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, Bàbá?"

"Ọ̀tún ni, Dókítà," ni Bàbá wí, "àmọ́ tòsì ló burú jù."