Ẹsẹ̀ Iwájú Tó Gbé Mi Dé Ẹ̀pẹ́

Ní Lásùnwọ̀n, ládùúgbò wa ní Ìkòròdú, ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan wà tí òórùn rẹ̀ máa ń pàdé èèyàn kó tó débẹ̀: epo bẹntiróò, ọ́ìlì dúdú tí ilẹ̀ ti mu yó, àti àgbàdo sísun tí ìyàwó mẹkáníìkì náà ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹlòmíì á di imú kọjá. Èmi kì í dì í. Bí òórùn yẹn bá kan mí, ara mi á rọ̀, mo sì lè dúró níbẹ̀ fúngbà díẹ̀ láìra nǹkan kan, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti pààrọ̀ ẹsẹ̀ iwájú alùpùpù ọkọ mi nítorí tèmi.

Ọdún yẹn ni mo yọ̀ ṣubú nídìí kànga, tí egungun kan sì yẹ̀ lẹ́yìn mi. Ìrora náà á gbéra láti ìbàdí, á gba itan lọ dé gìgísẹ̀, bíi kí wọ́n máa fa wáyà gbígbóná gba inú ẹran ara. Iṣẹ́ aránṣọ tí mo ń ṣe dúró. Ohun tó wá dùn mí ju ìrora lọ ni ti ìyá mi tó wà ní Ẹ̀pẹ́. Orúnkún ti dá àwọn náà jókòó, wọn ò lè wá sọ́dọ̀ mi. Èmi náà ò lè lọ. Orí fóònù la ti ń bára wa sọ̀rọ̀, mo sì ń gbọ́ bí ohùn wọn ṣe ń lọ sílẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan wọ́n ní, "Ọmọ mi, mo mọ̀ pé ara ẹ ò yá. Ṣùgbọ́n ojú ẹ ni mo fẹ́ rí, kì í ṣe ohùn ẹ."

A gbìyànjú ọkọ̀ èrò. A ò tíì dé Ìtòìkín tí omi fi ń dà lójú mi, tí mo ń bẹ dírẹ́bà pé kó jọ̀ọ́, kó sọ̀ mí kalẹ̀. Kí n ká orúnkún, kí n fẹ̀yìn tì, kí n má lè yíra padà, ohun tí ara mi ò gbà nìyẹn. Ọkọ mi bá mi dúró lẹ́bàá títì, ó dì mí mú. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, o mọ irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀. Bí o bá ní kó sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, á dìde lọ wá nǹkan tó bàjẹ́ tún ṣe nínú ilé.

Ṣùgbọ́n ó ń wò mí. Ó ti rí i pé bí mo bá fẹ́ ṣa ẹ̀wà, mo máa ń gun bẹ́ǹṣì gbọọrọ ẹ̀yìnkùlé wa bí ẹni gun ẹṣin, ẹsẹ̀ kan níhìn-ín, ẹsẹ̀ kan lọ́hùn-ún, ẹ̀yìn mi á nà ṣánṣán. Ibẹ̀ nìkan ni mo ti lè jókòó pẹ́ láì kérora. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó wá dúró tì mí níbẹ̀.

"Màá gbé ẹ lọ sí Ẹ̀pẹ́ lórí máṣíìnì."

Ẹ̀rín pa mí. "Máṣíìnì yín yìí? Èyí tó ń kàn bí àgbò?"

Òun náà mọ̀ pé mi ò parọ́. Ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ méjèèjì tó di táyà mú, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ṣọ́ọ̀kì, ti kú pátápátá. Ọ́ìlì inú wọn ti jò tán. Bí táyà bá já sí kòtò, gbà! ló máa dún, á sì mi èèyàn dé eyín.

Lọ́jọ́ kejì ó lọ bá mẹkáníìkì Lásùnwọ̀n, bàbá àgbàlagbà kan tó ti Òṣogbo wá. Alùpùpù ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri wọn, tàpólì ló fi bora. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú tipẹ́, àmọ́ ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ṣì dára, ó rọ̀ bíi tìmùtìmù. Bàbá ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ nọ́ọ̀tì tàbí bóòtù kan lára rẹ̀ rí; ọkọ mi bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ta ẹsẹ̀ náà fún òun, wọ́n kọ̀. Ó padà wálé. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó ní kí n múra, ó ní bàbá gbọ́dọ̀ fojú rí mi. Ẹsẹ̀ la fi lọ, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, mo fara ti apá rẹ̀.

Bàbá wò mí, wọ́n wo alùpùpù ńlá náà, wọ́n mi orí. "Ọmọ mi, kì í ṣe pé mo láhun. Òun ni mo fi gbé ìyá yìí wọ Ìkòròdú nígbà tí mo fẹ́ ẹ."

Ìyàwó wọn tó ń yí àgbàdo lórí iná ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Ó gbé mi dé, mo sì ti dé. Ẹ jẹ́ kó gbé ẹlòmíì."

Bàbá wo ìyàwó wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ká tàpólì kúrò, wọ́n sì na ọwọ́ sí sípánà.

Iṣẹ́ náà ò lọ geere. Ẹsẹ̀ ńlá yìí ò gba táyà tiwa, táyà àti búrékì alùpùpù ńlá náà ló wá bá a lọ. Nígbà tí wọ́n dè é tán, ó ga ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, alùpùpù wa wá gbé imú sókè bí ewúrẹ́ tó fẹ́ já ewé lórí ògiri. Bí mo ṣe jókòó, ẹ̀yìn ni mo ń yọ̀ lọ. Bàbá tún tú u, wọ́n ti ẹsẹ̀ méjèèjì sókè nínú ohun tó dì wọ́n mú, títí tí ìjókòó fi tẹ́jú. Wọ́n wá da ọ́ìlì sínú wọn, wọ́n ní kí ọkọ mi jókòó níwájú, kí èmi jókòó lẹ́yìn, wọ́n sì fi gbogbo agbára tẹ ọwọ́ alùpùpù náà mọ́lẹ̀.

"Ṣé ó dùn ẹ́?"

"Díẹ̀, sà."

Wọ́n fa ọ́ìlì náà dín kó lè rọ̀ sí i, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Mo ní ó ṣì ń dùn mí. Wọ́n tún fà á. Wọn ò bínú, wọn ò kánjú, àfi bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Nígbà tí mo wá sọ pé "Rárá, kò dùn mí mọ́," ojú ọkọ mi wà níwájú, mi ò rí i, ṣùgbọ́n mo gbọ́ bó ṣe mí kanlẹ̀.

A kọ́kọ́ dán an wò lọ sí Ìgbògbò ká tó mú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ pọ̀n ní òwúrọ̀ Sátidé kan. Bí ọkọ mi bá ti rí kòtò lọ́ọ̀ọ́kán, á pariwo, "Ó ń bọ̀ o!" Èmi á di èjìká rẹ̀ mú, màá gbé ìdí díẹ̀. Ẹsẹ̀ iwájú á rì wọ̀ọ̀, á tún dìde jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Mi ò ní purọ́ fún ọ, ìrora ò tán. Ó yá, a sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ igi, ó tẹ́ aṣọ fún mi kí n na ẹ̀yìn, ó sì jókòó tì mí, ó ń fi ewé lé eṣinṣin fún mi. Ọkùnrin tó kì í sọ̀rọ̀ ti kígbe "ó ń bọ̀ o" títí ohùn rẹ̀ fi há.

Ìyá mi wà lórí àpótí kékeré níwájú ilé, wọ́n ń gba atẹ́gùn ọ̀sà, wọ́n sì ń wo gbogbo ẹni tó ń ti ọjà ẹja bọ̀. Wọn ò retí wa. Nígbà tí wọ́n rí mi, wọ́n fẹ́ dìde, orúnkún kọ̀ fún wọn. Èmi fẹ́ kúnlẹ̀ bó ṣe yẹ kọ́mọ kí ìyá rẹ̀, ẹ̀yìn kọ̀ fún mi. A wá ń wo ara wa báyẹn, ẹni tí kò lè dìde àti ẹni tí kò lè bẹ̀rẹ̀.

"Má kúnlẹ̀," ni ìyá mi sọ. "Wá."

Ọkọ mi dá alùpùpù dúró. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà." Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá ìyá mi méjèèjì, ó gbé wọn sókè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí ojú wọn fi dọ́gba pẹ̀lú tèmi, ó sì dì wọ́n mú bẹ́ẹ̀ títí a fi sunkún tán.

A tún lọ léraléra kí ìyá mi tó sùn lọ́jọ́ kan tí wọn ò jí mọ́. Ẹ̀yìn mi ti san díẹ̀díẹ̀, mo ti padà sídìí iṣẹ́. Ní gbogbo ìgbà àìsàn yẹn, mo ti gbà lọ́kàn mi pé ẹrù ni mo jẹ́, pé ohun tó kù fún mi ni kí n máa bẹ àwọn tó ń gbé mi. Ọjọ́ Ẹ̀pẹ́ yẹn ló mú èrò náà kúrò. Ẹnìkan lè rí ọ bí ẹrù, kó sì gbé ọ tìkanratìkanra. Ẹlòmíì wà tó jẹ́ pé èjìká ara rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ lọ tún ṣe, kí ara má baà ta ọ́ bó bá gbé ọ.