Ẹni Tó Ní Kí N Dúró Lórí Tẹlifóònù

Títí dòní ni ọ̀rọ̀ tẹlifóònù yẹn ń bí mi nínú. Nílé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin, èmi ni mo máa ń ṣe ipò kìíní nínú Gẹ̀ẹ́sì. Kí Nàìjíríà tó gba òmìnira, ọ́fíìsì kan ní Dùgbẹ̀ gbà mí, wọ́n ní kí n jókòó sídìí tẹlifóònù fún oṣù mẹ́ta, kí wọ́n lè wò ó bóyá iṣẹ́ náà á di tèmi. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé Gẹ̀ẹ́sì inú wáyà kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ́ wa. “Put me through.” “Ring back.” “Ring off.” Ọ̀rọ̀ kéékèèké tí wọ́n dì pọ̀ bí ìdì igi, tí o kò lè tú u láti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Mo lọ béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé àgbà tó jókòó ní ọ̀kánkán mi. Ó ní ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí bíi tèmi kò yẹ kó máa da òun láàmú. Àṣé àbúrò ìyàwó rẹ̀ ló fẹ́ fi síbẹ̀.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí oṣù mẹ́ta pé, ọ̀gá kan pè láti Èkó. Ọmọ Yorùbá ni, ohùn rẹ̀ sì ti dàgbà. Ó ní, “Hold on.” Èyí yé mi: ó ní kí n dúró. Mo gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ bó ti ń lọ. Mo dúró. Nílé wa, bí àgbà bá ní kó o dúró, o kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ títí yóò fi padà. Pàṣán ni bàbá mi fi kọ́ mi. Mo gbé tẹlifóònù náà mọ́ etí títí apá mi fi kú.

Akọ̀wé àgbà ń wò mí, ó ń gbẹ́ pẹ́ńsù. Ó mọ̀ pé mo lè “ring off,” kí n gbé e sílẹ̀, kí n tún un pè, kó má sì jẹ́ àfojúdi. Kò sọ. Nígbà tí òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá ọ́fíìsì wa jáde wá béèrè ohun tó dí wáyà òun láti àárọ̀, ọkùnrin yìí dìde, ó ní, “Gẹ̀ẹ́sì ni kò gbọ́, sà.”

Wọ́n kó mi lọ sí yàrá fáìlì. Àbúrò ìyàwó gba àga mi.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, tí mo ti di ọ̀gá níbòmíràn, akọ̀wé àgbà yẹn pè mí nílé ní Bódìjà. Ọmọ rẹ̀ ń wáṣẹ́. “Mádáàmù, ẹ ṣàánú mi.”

“Ẹ hold on, sà.”

Mo gbé tẹlifóònù sórí tábìlì, mo lọ bomi rin òdòdó mi. Nígbà tí mo padà dé, mo ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀ nínú wáyà. Ó mọ “ring off” dáadáa, àmọ́ kò ṣe é.

Mo bá a ṣe é, mo gbé tẹlifóònù náà sílẹ̀.